Àmì Ìdáàbòbò Àyíká àti Iye Owó Ọjà: Àyẹ̀wò lórí Ṣokoléètì

Nínú ọjà ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà ni ó ní àmì kan lára tí ń sọ fún òǹrajà pé ṣíṣe ọjà náà kò pa igbó, omi tàbí afẹ́fẹ́ lára. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ a sì máa wọ́n ju èyí tí kò ní àmì lọ. Ìbéèrè tí ó wọ́pọ̀ ni pé ǹjẹ́ àfikún owó náà tọ́ bí? Bí a ti ń bèèrè rẹ̀ báyìí, ìbéèrè náà kò ṣe é dáhùn, nítorí pé oríṣiríṣi nǹkan ni a kó jọ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ohun tí ó ṣe é yẹ̀ wò ni ibi tí àfikún owó náà ń lọ. Ṣokoléètì ni iṣẹ́ yìí mú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ṣe é ṣe láti tọ ipa owó rẹ̀ láti ilé ìtajà títí dé ìdí igi kòkó, àti nítorí pé igi kòkó náà lè wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́kọ́ gbé irú àmì yìí kalẹ̀ ní 1978, tí wọ́n sọ ọ́ ní Blauer Engel, èyí ni áńgẹ́lì aláwọ̀ aró. Ní 1987 ni a dá ẹgbẹ́ Rainforest Alliance sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àmì tirẹ̀ ni àkèré aláwọ̀ ewé tí ó wà lára ọ̀pọ̀ ṣokoléètì lónìí. Ó yẹ kí a ya irú àwọn àmì wọ̀nyí, tí ẹlòmíràn ń yẹ̀ wò kí ó tó fi fún oníṣòwò, sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ dídùn tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ kọ sára ọjà rẹ̀. Ìwádìí tí Àjọ Yúróòpù ṣe ní 2020 fi hàn pé ìdá 53 nínú 100 irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò yéni, tàbí tí ń ṣini lọ́nà, tàbí tí kò ní ìpìlẹ̀. Àfikún owó tí a bá gbà lórí irú èyí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bákan náà, àmì tí ń sọ iye iná tí fìríìjì yóò máa jẹ yàtọ̀: ẹni tí ó san owó púpọ̀ lórí rẹ̀ lè rí owó rẹ̀ gbà padà díẹ̀díẹ̀ lára owó iná. Ẹni tí ó ra ṣokoléètì kò ní ohun tí yóò gbà padà. Nítorí ẹlòmíràn ni ó ṣe san án.

Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Ní 1970, Phillip Nelson pín ìwà ọjà sí ọ̀nà méjì: èyí tí òǹrajà lè mọ̀ kí ó tó rà á, àti èyí tí kò lè mọ̀ àfi tí ó bá lò ó. Ẹni tí ó fẹ́ ra aṣọ òfì yóò fọwọ́ kàn án, yóò sì wo híhun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra iṣu kò lè mọ̀ bí yóò ti rí nínú odó àfi ìgbà tí ó bá gún un. Ní 1973, Darby àti Karni fi ẹ̀kẹta kún un, èyí ni ìwà tí òǹrajà kò lè mọ̀ kódà lẹ́yìn tí ó ti lo ọjà náà tán. Ìdáàbòbò igbó wà lára ẹ̀kẹta yìí. Kò sí ahọ́n tí í tọ́ igi tí a kò gé wò nínú ṣokoléètì. Akerlof sì ti fi hàn ní 1970 pé níbi tí òǹrajà kò bá ti lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú, oní-ojúlówó kì í rí iye tí ó tọ́ sí i gbà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kó ọjà rẹ̀ kúrò. Àmì ni ó di àlàfo yìí. Kò sí àní-àní pé ó ní ìwúlò tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n òǹrajà tí kò rí igbó náà kò rí ọ̀nà tí owó rẹ̀ gbà lọ pẹ̀lú. Ọgbọ́n àtijọ́ ni pé aláṣọ a máa wo aṣọ ọrùn oníbàárà kí ó tó dá iye lé ọjà. Àmì lè ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an fún ilé ìtajà, nítorí pé ẹni tí ó bá nawọ́ sí ṣokoléètì alákèré ti fi hàn, láìfọhùn, pé owó kọ́ ni ohun tí òun kọ́kọ́ ń wò.

Ìṣirò ni ó lè fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Láti 2022 ni òfin Rainforest Alliance ti là á sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá ra kòkó aláàmì gbọ́dọ̀ san, yàtọ̀ sí iye tí ọjà wà, ó kéré tán dọ́là 70 fún àgbẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ṣokoléètì dúdú oní-100 gíráàmù, tí ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ kòkó, kò lè gbà ju 100 gíráàmù kòkó gbígbẹ lọ, bí a tilẹ̀ ka èèpo tí a ó bó dànù mọ́ ọn. Nítorí náà tọ́ọ̀nù kan yóò tó ṣokoléètì 10,000, ó kéré tán. Bí a bá pín dọ́là 70 sí ọ̀nà 10,000, ohun tí ó kan ẹyọ kan jẹ́ sẹ́ǹtì 0.7. Ká tilẹ̀ sọ pé ọwọ́ mẹ́ta ni kòkó náà gbà kọjá, tí olúkúlùkù sì fi ìdajì iye tí ó rà á lé e, kò ju nǹkan bí sẹ́ǹtì 2.4 lọ. Owó àyẹ̀wò àti owó ìlò àmì wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni ó de gbogbo wọn: dọ́là 100 lórí tọ́ọ̀nù jẹ́ sẹ́ǹtì kan lórí ẹyọ ṣokoléètì kan. Kí àfikún 50 sẹ́ǹtì tó lè jẹ́ ti kòkó náà nìkan, dọ́là 5,000 ni ìbá ti gorí tọ́ọ̀nù kan ní oko. Ẹni tí ó bá san irú àfikún bẹ́ẹ̀ lè máa sanwó fún kòkó dídára, fún ilé iṣẹ́ kékeré, tàbí fún páálí tí ó rẹwà, èyí tí kò burú. Igbó kọ́ ni ó ń sanwó fún.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ òǹrajà kò mọ̀. Ìlànà Rainforest Alliance lórí kòkó gba ilé iṣẹ́ láyè láti da kòkó aláàmì àti èyí tí kò ní àmì pọ̀, bí ìwọ̀n aláàmì tí ó rà kò bá ti kéré sí ìwọ̀n tí ó tà lórúkọ àmì. Àwọn kan pe èyí ní ẹ̀tàn. Ìdájọ́ yẹn ti le jù. Bí owó bá dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìlànà, kò já mọ́ nǹkan ní ti igbó bóyá kóró kòkó tirẹ̀ gan-an ni ó wọ ẹnu òǹrajà. Dídà wọ́n pọ̀ sì ń dín owó kù, nítorí pé kò sí ilé ìkẹ́rùsí ọ̀tọ̀ tàbí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀. Ìdí kan sí i nìyí tí kò fi yẹ kí irú ṣokoléètì bẹ́ẹ̀ wọ́n púpọ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti kòkó tí a gbìn láìlo oògùn òyìnbó. A kò gbọ́dọ̀ dà á pọ̀ mọ́ òmíràn. Òfin Yúróòpù sì béèrè pé kí oko igi eléso bíi kòkó ti wà lábẹ́ ìlànà náà fún ọdún 3 kí ìkórè rẹ̀ tó lè gba àmì. Láàrin ọdún 3 náà, àgbẹ̀ ń fara da àdánù láìrí àfikún kankan. Ní ilẹ̀ tí òjò ti pọ̀ bíi Ìdànrè, níbi tí àrùn tí ń sọ pódì di dúdú kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ sinmi, ẹni tí ó bá fi oògùn apakòkòrò sílẹ̀ mọ ohun tí ó fi sílẹ̀. Níhìn-ín, ìnáwó wà ní ìsàlẹ̀, ó sì tọ́ kí iye owó gòkè.

Ó kù kí a wo oko. Àgbẹ̀ tí ó ní hẹ́kítà 2, tí ó ń rí 400 kílò lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, yóò gba dọ́là 56 lọ́dún lórí àmì alákèré. Nítorí èyí, yóò máa kọ àkọsílẹ̀, yóò yẹra fún àwọn oògùn kan, yóò dá igi ìbòòji sí, kò sì ní fẹ oko wọ inú igbó. Láti 1986 tí ìjọba Nàìjíríà ti tú àjọ tí ń ra kòkó ká, kò sí iye kan pàtó tí ó de àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé owó wá sí oko ni ó ń gbé kòkó lọ. Ní 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà àgbáyé, dọ́là 70 kò tó ìdá kan nínú 100. Alágbàtà tí kò bèèrè àkọsílẹ̀ kankan lè fi jù bẹ́ẹ̀ lọ tan àgbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. A sì mọ̀ pé ní igbó ọba Ọmọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kòkó wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ gé igbó. Nítorí náà ẹ̀sùn tí àwọn òǹrajà ń fi kan àmì, pé ó wọ́n jù, kò bá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó wọ́n ní ilé ìtajà, ó sì pọ̀kú ní oko, níbi tí ó yẹ kí ó ti wọ́n.

Òfin Yúróòpù ti 2023 lórí pípa igbó run tún mú ìbéèrè náà le sí i. Òfin náà, tí a ti sún ìgbà ìmúlò rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, sọ pé kòkó tí a gbìn sórí ilẹ̀ tí a gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 December 2020 kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn, yálà ó ní àmì tàbí kò ní. Bí ó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, àìgé igbó yóò di ohun tí gbogbo ṣokoléètì tí ń bẹ lórí àtẹ gbọ́dọ̀ ní. Àmì tí ó bá tún fẹ́ gba àfikún owó nígbà náà yóò ní láti fi ohun mìíràn han òǹrajà, èyí tí ó sì rọrùn jù láti fi hàn ni iye tí ó dé ọwọ́ àgbẹ̀ nínú àfikún náà, kí a kọ ọ́ sára páálí ní sẹ́ǹtì.