Higgs nìkan kọ́ ló fún wa ní ìwúwo

Bí ẹ bá gun orí ìwọ̀n, tó sì ní kílò 70 ni yín, èyí tí Higgs lè pè ní tirẹ̀ nínú rẹ̀ kò pé kílò kan. Bẹ́ẹ̀ ìròyìn kì í yé sọ pé òun ló fún gbogbo nǹkan ní ìwúwo.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá ojútùú sí ní 1964 kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Ipá kan wà tó ń sọ irú átọ́ọ̀mù kan di òmíràn, tó sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí oòrùn máa ràn. Kì í nawọ́ jìnnà rárá, nítorí náà ohun tó ń gbé e kiri gbọ́dọ̀ wúwo. Ìṣirò sì ta kú pé kò gbọdọ̀ ní ìwúwo kankan, bí ìmọ́lẹ̀ kò ṣe ní. Robert Brout àti François Englert ní Brussels, àti Peter Higgs ní Edinburgh lọ́tọ̀, wá dábàá pé pápá kan, èyí tí a ń pè ní pápá Higgs lónìí, kún ibi gbogbo, títí kan òfìfo tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Ohun tó bá ní í ṣe pẹ̀lú pápá náà á ní ìwúwo. Ìmọ́lẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi pápá yìí wé ẹrẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹrẹ̀ á dín eré ẹni tó ń kọjá kù, ṣùgbọ́n eré electron tó ń sáré lọ nínú òfìfo kì í dín kù. Kí a tó lè yí eré rẹ̀ padà ló ń gba agbára.

Ní 1983, ibùdó CERN nítòsí Geneva rí W àti Z, àwọn tó ń gbé ipá náà. W nìkan wúwo tó proton bíi 86. Ní July 4, 2012, wọ́n kéde ẹ̀yà Higgs fúnra rẹ̀, èyí tó jáde láti inú pápá náà. Englert àti Higgs gba ẹ̀bùn Nobel ní 2013. Brout ti kú ní 2011, wọn kì í sì í fi Nobel dá òkú lọ́lá.

Ìwúwo yòókù nínú kílò 70 yẹn ńkọ́? Inú proton àti neutron ló wà. Tí a bá ro ìwúwo quark mẹ́ta inú proton pọ̀, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Eré àsápajúdé tí wọ́n ń sá níbẹ̀, àti agbára gluon tó so wọ́n pọ̀, ni ìyókù, nítorí Einstein ti fi hàn pé agbára náà ń wúwo.

Síbẹ̀, bí electron kò bá gba díẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ Higgs, kò ní lè dúró yí inú átọ́ọ̀mù ká, kò sì ní sí ara tí a ó gbé sórí ìwọ̀n. Ti ẹ̀yà tíńtín mìíràn tó ń jẹ́ neutrino ló ṣì ń fa àríyànjiyàn: ó ní ìwúwo, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ fura pé ibòmíràn ló ti rí i.