Kí Ló Bo Ètò Yorùbá Wa Mọ́lẹ̀ Lórí Rédíò?

Ọ̀pọ̀ yín ló ti bi wá léèrè ohun tó ṣe ètò Yorùbá tí a máa ń gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Àwọn tó ń gbé nítòsí ọjà ṣì ń gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n ariwo ni àwọn ará wa tó wà lẹ́yìn ojú irin ń gbọ́, tàbí kí orin ilé iṣẹ́ mìíràn já lu ọ̀rọ̀ gan-an níbi tí wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn tó ṣaláìsí. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa gbọ́ pé wọ́n ń kéde òkú ní Ọ̀fà, kò gbọ́ orúkọ olóògbé. Ọjọ́ kejì ló tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni.

A wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ilé iṣẹ́ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa ló fi kún agbára ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀yìn ojú irin náà sì ni òpó wọn wà. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí a kò tíì gbọ́ tẹnu wọn.

Nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì dé Èkó ní 1935, tó sì dé Ìbàdàn ní 1939, waya ló ń gbé ohùn wọ ilé kọ̀ọ̀kan, ohùn ẹnìkan kò sì lè bo ti ẹlòmíràn. FM kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè tó wà láàrin 87.5 àti 108 megahertz ni gbogbo ilé iṣẹ́ FM ní Nàìjíríà ń pín lò. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú ló ni òkè 108. Nítorí pé àyè kò tó, ilé iṣẹ́ méjì lè ní nọ́ńbà kan náà bí wọ́n bá jìnnà síra. 100.5 ni Ray Power ní Èkó, 100.5 náà ni Progress FM ní Adó-Èkìtì, àárín wọn sì lé ní 200 kìlómítà.

Bí ohùn méjì bá pàdé lórí nọ́ńbà kan, rédíò FM a mú èyí tó lágbára jù, a sì gbé èkejì mì. Rédíò àtijọ́ a máa jẹ́ kí a gbọ́ méjèèjì pọ̀, bí ìyàwó ilé méjì tó ń jà lágbàlá. Bí nọ́ńbà bá kàn sún mọ́ra bíi tiwa yìí, ẹni tó ń gbé nítòsí òpó alágbára ni ìyà rẹ̀ pọ̀ jù, pàápàá bí rédíò rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ kéré.

Àwọn kan dábàá ní ìpàdé pé kí a dá owó, kí ilé iṣẹ́ tiwa náà lè ra ẹ̀rọ ńlá. Àwa kò fara mọ́ ọn. Kí agbára ohùn tó di ìlọ́po méjì létí olùgbọ́, agbára ẹ̀rọ ní láti di ìlọ́po mẹ́rin: kìlówáàtì 1 yóò di 4. Ta ni yóò máa ra dísù? Bí aládùúgbò bá sì tún fi kún tirẹ̀ lọ́la ńkọ́? Gíga òpó ló tilẹ̀ ń mú FM rìn jìnnà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, òpó 100 mítà a máa ríran tó nǹkan bí 40 kìlómítà. Kí ó tó ríran dé 80, ó ní láti ga tó 400 mítà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Amúlùdùn 99.1 fi kún agbára kí a lè gbọ́ ọ níhìn-ín, Ìbàdàn sí Kàdúná lé ní 500 kìlómítà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti wá ohùn ilé.

Ohun tí a ń fẹ́ ni àkọsílẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ètò náà dáadáa, kí ó kọ ọjọ́, aago, àdúgbò àti ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fa éríà rédíò yín sókè, kí ẹ sì yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ má ka ti àárọ̀ ọyẹ́ mọ́ ọn, nítorí bí afẹ́fẹ́ òkè bá gbóná ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ohùn FM a máa rìn jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, láìjẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ó kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ méjèèjì, a ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NBC, àjọ tí òfin 1992 dá sílẹ̀, tó ń fún àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ní ìwé àṣẹ. Bí agbára tuntun náà bá ju èyí tó wà nínú ìwé àṣẹ lọ, kí wọ́n dín in kù. Bí kò bá jù ú lọ, a ó rọ ilé iṣẹ́ tiwa kí ó béèrè nọ́ńbà mìíràn.

Ìwé àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi yanjú, inú ìwé ìròyìn yìí ni a ó máa tẹ ìkéde òkú àti ti ìsọmọlórúkọ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú wọn wá kí ó tó di ọjọ́rú.