Wíwọn Ipa Jọ́nà Ọ̀fẹ́ Nínú Ìmọ̀ Ètò Ọrọ̀ Ajé: Àpẹẹrẹ Jọ́nà *Economics* ti Ìlú Kiel

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Lórí òye yìí ni iṣẹ́ ìwádìí dúró sí. Onímọ̀ tí ó bá ń kọ àpilẹ̀kọ a máa dárúkọ àwọn tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀, yálà láti fara mọ́ èrò wọn tàbí láti ta kò ó. Èyí ni a ń pè ní ìtọ́kasí. Nígbà tí ó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtọ́kasí bí ẹni ń ka owó, wọ́n sì ń fi iye tí wọ́n bá kà sọ bí jọ́nà kan ṣe ní láárí tó.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bóyá irú ìkà bẹ́ẹ̀ lè sọ òtítọ́ nípa jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Èrò wa ni pé òṣùwọ̀n tí ó gbajúmọ̀ jùlọ ń wọn apá kan péré nínú ipa irú jọ́nà bẹ́ẹ̀, àti pé apá tí kò lè wọ̀n gan-an ni ó fa dídá tí a dá jọ́nà náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga, iye àpilẹ̀kọ àti orúkọ jọ́nà tí wọ́n ti jáde wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ ìgbéga máa ń gbé yẹ̀ wò.

Jọ́nà tí a fi ṣe àpẹẹrẹ

Ní oṣù kejì ọdún 2002, lẹ́yìn ìpàdé kan tí ó wáyé ní ìlú Budapest, àwọn onímọ̀ gbé ìkéde kan jáde pé ó yẹ kí àbájáde iṣẹ́ ìwádìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn láti kà láìsan kọ́bọ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, ní 2007, Ilé Ẹ̀kọ́ Ìwádìí Ètò Ọrọ̀ Ajé Àgbáyé tí ó wà ní Kiel, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, dá jọ́nà kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní *Economics: The Open-Access, Open-Assessment E-Journal*. Ọjọ́ pẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí náà ti wà, nítorí ọdún 1914 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ohun méjì ni jọ́nà yìí ṣe tí ó yàtọ̀. Èkíní ni pé ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀. Èkejì ni pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ wò. Bí olóòtú bá ti rí i pé iṣẹ́ kan yẹ fún àgbéyẹ̀wò, wọn a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí ìwé ìjíròrò. Àwọn olùyẹ̀wò àti àwọn òǹkàwé mìíràn a sọ tiwọn sí i, òǹkọ̀wé a fèsì, lẹ́yìn náà ni olóòtú yóò wá pinnu bóyá iṣẹ́ náà yẹ láti di ojúlówó àpilẹ̀kọ jọ́nà. Lónìí, ilé iṣẹ́ De Gruyter ni ó ń tẹ jọ́nà náà jáde, ọ̀fẹ́ náà ni ó sì ṣì jẹ́.

Òṣùwọ̀n Garfield

Eugene Garfield, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ gbé èrò kíka ìtọ́kasí kalẹ̀ ní kíkún nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1955. Láti inú èrò rẹ̀ ni òṣùwọ̀n ipa jọ́nà ti jáde, èyí tí ilé iṣẹ́ Clarivate ń gbé jáde lọ́dọọdún nísinsìnyí. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká sọ pé jọ́nà kan tẹ àpilẹ̀kọ 20 jáde ní 2021 àti 30 ní 2022; àpapọ̀ wọn jẹ́ 50. Bí a bá tọ́ka sí àwọn àpilẹ̀kọ wọ̀nyí ní ìgbà 75 nínú ọdún 2023, a ó pín 75 sí ọ̀nà 50. Òṣùwọ̀n ipa jọ́nà náà fún 2023 jẹ́ 1.5.

Kí òǹkàwé fojú sí ọdún méjì tí ìṣirò yìí dúró lé. Nínú ìmọ̀ tí iṣẹ́ ti ń yára jáde, ọdún méjì lè tó. Ti ètò ọrọ̀ ajé kò rí bẹ́ẹ̀. Glenn Ellison fi hàn ní 2002 pé láàárín ọgbọ̀n ọdún, àkókò tí àpilẹ̀kọ ń lò kí jọ́nà ńlá nínú ìmọ̀ yìí tó tẹ̀ ẹ́ jáde ti gùn sí i gidigidi. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ kan lónìí, tí ó tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ tirẹ̀, lè dúró fún ọdún mélòó kan kí ìtọ́kasí náà tó fojú hàn. Nígbà náà, ọdún méjì ti kọjá, ìtọ́kasí náà kò sì sí nínú ìṣirò mọ́. Kóńgò tí a fi ń wọn gàrí dára fún gàrí. Bí a bá gbé e lọ sí ìsọ̀ oníṣu, kò ní ṣiṣẹ́.

Jọ́nà Kiel ní ìṣòro mìíràn tí ètò tirẹ̀ fúnra rẹ̀ bí. Iṣẹ́ kan náà lè ní ìrísí méjì: ìwé ìjíròrò àti àpilẹ̀kọ jọ́nà. Ẹni tí ó ka ti àkọ́kọ́ yóò tọ́ka sí ti àkọ́kọ́. Báyìí ni ìtọ́kasí ṣe ń pín sí méjì, èyí tí ó bọ́ sọ́dọ̀ ìwé ìjíròrò kò sì kún ti jọ́nà. Ṣíṣí tí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ ni ó ń dín iye wọn kù.

Ìpíndọ́gba náà tún ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà sí àpẹẹrẹ wa. Nínú ìtọ́kasí 75 yẹn, àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo lè gba 40. Àwọn 49 yòókù ni yóò pín 35 tí ó kù, èyí tí kò tó ẹyọ kan fún ìkọ̀ọ̀kan wọn. Síbẹ̀ gbogbo wọn ni yóò máa yan lábẹ́ 1.5. Per Seglen ti kìlọ̀ nípa èyí ní 1997 pé ìtọ́kasí kì í pín dọ́gba nínú jọ́nà kankan. Nínú jọ́nà Kiel, àpilẹ̀kọ Richard Tol ti ọdún 2008 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti tọ́ka sí. Ó kó ìṣirò 211 jọ nípa iye tí èéfín kábọ́ọ̀nù ń ná àwùjọ, ó sì yẹ̀ wọ́n wò papọ̀. Àríyànjiyàn lórí ojú ọjọ́ kò parí ní 2010, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ọdún méjì ti kúrò lórí iṣẹ́ náà láti ìgbà yẹn.

Kíka àwọn òǹkàwé

Bí ìtọ́kasí kò bá tó, ṣé a kò lè ka iye ìgbà tí àwọn ènìyàn gba àpilẹ̀kọ sórí kọ̀ǹpútà wọn? Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní àǹfààní kan níhìn-ín. Láti 1997 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń tọ́jú àkójọ tí a ń pè ní RePEc, níbi tí àwọn ìwé ìjíròrò àti àpilẹ̀kọ jọ́nà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wà. Ẹ̀ka rẹ̀ kan, CitEc, ń ka ìtọ́kasí; òmíràn, LogEc, ń ka iye ìgbà tí a ṣí iṣẹ́ wò àti iye ìgbà tí a gbà á. LogEc a máa yọ ìbẹ̀wò tí kì í ṣe ti ènìyàn kúrò, nítorí àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń ká íntánẹ́ẹ̀tì kiri pọ̀, wọn kì í sì í kàwé.

Ṣé òǹkàwé púpọ̀ wá túmọ̀ sí ìtọ́kasí púpọ̀? Philip Davis àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008. Wọ́n mú àpilẹ̀kọ 1,619 nínú jọ́nà 11, wọ́n sì fi ọ̀nà kèké yan 247 tí wọ́n sọ di ọ̀fẹ́. Gbígba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àwọn àpilẹ̀kọ ọ̀fẹ́ wọ̀nyí fi ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n ka ìtọ́kasí ní ọdún àkọ́kọ́, wọn kò rí ìyàtọ̀. Ní 2014, Mark McCabe àti Christopher Snyder yẹ 100 jọ́nà sáyẹ́ǹsì wò. Wọ́n rí i pé sísọ jọ́nà di ọ̀fẹ́ fi nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìtọ́kasí, ọ̀dọ̀ àwọn jọ́nà tí ó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀ ni èrè náà sì pọ̀ sí. Òótọ́ ni pé kì í ṣe jọ́nà ètò ọrọ̀ ajé ni àwọn méjèèjì yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ èyí kejì jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé.

Bí a ṣe túmọ̀ àbájáde wọ̀nyí nìyí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ àpilẹ̀kọ tí a ń ka ìtọ́kasí inú rẹ̀ wà ní yunifásítì tí ilé ìkàwé rẹ̀ ti sanwó jọ́nà tẹ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ kò fi ohun púpọ̀ kún tiwọn. Àwọn tí ó ṣílẹ̀kùn fún ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kàwé lórí fóònù, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣètò ìsúná, àti olùkọ́ girama tí ó fẹ́ ṣàlàyé ọ̀wọ́ngógó ọjà fún kíláàsì rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí a máa kà, wọn a máa lò, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ àpilẹ̀kọ sí jọ́nà. Olùkọ́ tí ó fi iṣẹ́ Tol kọ́ ogójì akẹ́kọ̀ọ́ kò ní fi ju àmì ìgbàsílẹ̀ kan lọ sórí LogEc, bí ó bá tilẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé.

Lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìgbéga

Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, àwọn olóòtú àti olùtẹ̀wé kan tí wọ́n pàdé ní San Francisco fẹnu kò pé kò yẹ kí a máa fi òṣùwọ̀n jọ́nà ṣe ìdájọ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan tàbí ẹni tí ó kọ ọ́, pàápàá lórí ìgbanisíṣẹ́ àti ìgbéga. Ó rọrùn láti sọ. Ìgbìmọ̀ tí ó ní fáìlì ọgbọ̀n lórí tábìlì a máa fẹ́ nọ́ńbà kan tí yóò gé ọ̀rọ̀ kúrú, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi pátápátá.

Fún ẹni tí ó tẹ iṣẹ́ jáde nínú jọ́nà bíi ti Kiel, ohun kan wà tí ó lè fi sínú fáìlì rẹ̀ tí jọ́nà mìíràn kì í sábàá fúnni: ìjíròrò tí ó wáyé lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní gbangba. Ó lè tẹ ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò àti èsì tirẹ̀ sórí ìwé, kí ìgbìmọ̀ kà wọ́n, kí wọ́n rí ibi tí wọ́n ti ta ko ìṣirò rẹ̀ àti ohun tí ó tún ṣe sí i. Ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò gbà, kò sì ní gba ẹni tí ó gbọ́ iṣẹ́ náà ju wákàtí kan lọ láti kà.