Ìdúró àti Ìgbésẹ̀ Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ará Àgbádárìgì

Bí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù bá ti dá dìde, ẹbí á ní ara ti yá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn dìde dúró, ọ̀tọ̀ ni kí ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí èkejì sì gbà á dúró. Ní Àgbádárìgì níbí, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́. Iyanrìn etí òkun ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí erékùṣù Gbẹ́rẹfù gbọ́dọ̀ ti èbúté gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀ tó ń mì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì yẹ aláìsàn wò kó tó padà sẹ́nu irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba ohun èlò ńlá. Wọ́n á gbé pákó tó ga ní sẹ̀ntímítà 7.5 síwájú aláìsàn. Yóò máa gbé ẹsẹ̀ kan lé e, yóò máa gbé e padà sílẹ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá 15, wọ́n á sì ka iye ìgbà tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ló kan ẹsẹ̀ kejì. Ọ̀pọ̀ ẹbí rò pé ẹsẹ̀ tó rọ nìkan ló yẹ kí wọ́n dán wò lórí pákó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ tó le bá wà lókè, ẹsẹ̀ tó rọ ló ń dá ru gbogbo ara. Ibẹ̀ gan-an la ti ń mọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó.

Òṣùwọ̀n Berg, tí wọ́n fi ń wọn bí èèyàn ṣe lè dúró ṣinṣin, tó jáde ní Kánádà ní 1989, gùn ju àyẹ̀wò pákó lọ: nǹkan 14 ni aláìsàn yóò ṣe, máàkì 56 sì ni gbogbo rẹ̀. Máàkì kékeré kì í ṣe ìtìjú. Òun ló ń tọ́ka sí ìdárayá tó yẹ àti bóyá ọ̀pá ṣì pọn dandan.

Bí ẹ bá ń bọ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ wọ bàtà tí ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́ wá, kí ẹ sì mú ọ̀pá yín dání. Bí èdè Ègùn bá yé aláìsàn ju Yorùbá lọ, kí ẹni tó gbọ́ méjèèjì bá a wá. Bí ẹ bá ti ṣubú rí, ẹ sọ ọ́. Àwọn àgbà kan ń fi í pa mọ́ kí àwọn ọmọ má bàa sé wọn mọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe dá àyẹ̀wò pákó ṣe nílé. Bí ẹnu bá sì ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.