Aago Ìgbóná Tí Ń Ṣe Ségesège
Bí ọwọ́ aago ìgbóná ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ bá ń fò sókè sódò, ẹ má ṣe yára pè é ní òpùrọ́. Ẹ dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó ṣí ìdérí ládíétọ̀, kí omi gbígbóná má bàa bó yín. Bí omi bá dínkù, afẹ́fẹ́ lè ti gba ipò rẹ̀ lára ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná; ẹ wá ibi tí omi ti ń jò. Bí omi bá pé, ẹ yẹ wáyà ẹ̀rọ náà wò bóyá ó dẹ̀ tàbí ó dípẹtà. Bí aago epo náà bá ń ṣe ségesège, ẹ fura sí iná tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Aago kò wọ́n; ẹ́ńjìnnì ni ó wọ́n.