Aṣọ Ọ̀gà: Ohun Tí Àwọ̀ Alágẹmọ Ń Sọ

Ẹranko tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ọ̀gà, tí àwọn mìíràn ń pè ní agẹmọ tàbí alágẹmọ. (Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀wé láìfi àmì ohùn sí i, ẹ rọra o, kí ẹ má baà sọ ọ́ di ọ̀gá níbi iṣẹ́.) Kò sí awo tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mímọ ìtàn ẹranko yàtọ̀ sí mímọ ẹranko fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà nínú wa tó jẹ́ pé inú agolo tàbí inú igbá tí wọ́n dé pa ni wọ́n ń fi ọ̀gà sí títí dìgbà tí wọn yóò nílò rẹ̀. Kì í pẹ́ kú níbẹ̀. Bó bá dúdú kó tó kú, wọ́n á ní agbára rẹ̀ ló ń jáde. Kì í ṣe agbára. Ìnira ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé ibi tí ọ̀gà bá bà lé ló ń fún un ní àwọ̀: ó dórí ewé, ó di ewé, ó dórí ilẹ̀ pupa, ó pupa. Ẹ gbé e sórí aṣọ pupa kí ẹ wò ó, kò ní tìtorí ìyẹn pupa. Lóòótọ́ ni pé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ èèpo igi tí a bí mọ́ ọn ń bò ó láṣìírí nínú igbó. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yí àwọ̀ náà padà ni ìmọ́lẹ̀, òtútù, ooru, àìsàn, ìbẹ̀rù, ìbínú, àti ọ̀gà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá pàdé lọ́nà. Láàárọ̀ tí ara rẹ̀ bá tutù, á dúdú kí oòrùn lè tètè mú un móoru. Lóru tó bá ń sùn, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, á sì mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ fi ń tètè rí i lórí ẹ̀ka.

Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Geneva ṣàlàyé bí ó ti ń ṣe é. Ọ̀gà ilẹ̀ Madagascar, Furcifer pardalis, ni wọ́n yẹ̀ wò. Lábẹ́ awọ rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó kún fún horo guanine wínníwínní tó ń dán bíi jígí. Nígbà tí ara ẹranko náà bá balẹ̀, àwọn horo yìí á sún mọ́ra, ìmọ́lẹ̀ aró ni wọ́n á dá padà. Àwọ̀ ìyeyè wà lókè wọn. Aró àti àwọ̀ ìyeyè bá pàdé, àwọ̀ ewé ló bí. Ẹni tó bá ti po ọ̀dà rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí akọ bá rí akọ mìíràn, tí inú rẹ̀ ru, àwọn horo náà á jìnnà síra, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ pupa á wá yọ.

Ta ló ń yọ ọ́ hàn fún? Ní 2008, Devi Stuart-Fox àti Adnan Moussalli tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ọ̀gà kéékèèké ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ẹ̀yà tó mọ àwọ̀ yí jù lọ kì í ṣe àwọn tí àyíká wọn ní oríṣiríṣi àwọ̀. Àwọn tó ń fi ara hàn ketekete sí ẹlẹgbẹ́ wọn ni, nígbà ìjà àti nígbà ìfẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá rántí ìtàn Olókun, tó pe Olódùmarè níjà aṣọ. Olódùmarè kò lọ fúnra rẹ̀, ọ̀gà ló rán. Aṣọ tí Olókun bá gbé jáde, ọ̀gà á ti wọ irú rẹ̀, títí Olókun fi rò ó pé bí ìránṣẹ́ bá rí báyìí, ta ni yóò bá ẹni tó rán an figagbága? Ọ̀gà inú ìtàn yìí kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbangba ló dúró, ó ń fi aṣọ dáhùn aṣọ. Èmi ò sọ pé àwọn onímọ̀ wọ̀nyí wá jẹ́rìí fún Ifá, Ifá ò wá ẹlẹ́rìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tó fi ìtàn náà lélẹ̀ ti wo ọ̀gà dáadáa ju àwa tí à ń pè é ní afarapamọ́ lọ. Ní Benin, àwọn Fọ̀n fi ọ̀gà ṣe àmì Lisa, tí orúkọ rẹ̀ bá Òrìṣà tiwa tan.

Bákan náà ni ti ìrìn rẹ̀. Bolaji Idowu kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1962, Olódùmarè: God in Yoruba Belief, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a rán ọ̀gà wá wo ilẹ̀ tuntun: ó kọ́kọ́ ní ó fẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ tó, kó tó padà wá sọ pé ó ti tó. Ìka márùn-ún ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n lẹ̀ pọ̀ sọ́nà méjì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ: ti iwájú, mẹ́ta nínú, méjì lóde, ti ẹ̀yìn, méjì nínú, mẹ́ta lóde. Á na ẹsẹ̀, á mì síwá-sẹ́yìn, á di ẹ̀ka mú kó tó fi ara lé e, ìrù á sì wé mọ́ ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ kan lè máa wo iwájú kí èkejì máa wo ẹ̀yìn. Ahọ́n rẹ̀ nìkan ni kì í lọ́ra: ó lè gùn ju ara rẹ̀ lọ láìka ìrù, itọ́ tó wà lórí rẹ̀ sì ki ju ti ènìyàn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 400, bí wọ́n ti wọ̀n ọ́n ní 2016. Kò ní oró rárá. Bó bá wú, tó ń mí ṣíì, ẹ̀rù ló ń bà á.

Nítorí náà, ẹni tí ọ̀gà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa ka àwọ̀ rẹ̀. Bó bá dúdú láàárọ̀, tó sì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ti kàn án, kò sí wàhálà. Bó bá dúdú láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń di ojú pọ̀ lọ́sàn-án, ó ń ṣàìsàn tàbí ẹ̀rù ń bà á. Ẹ má fi í sínú agolo. Àgò onínẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló yẹ ẹ́, kí ẹ̀ka wà nínú rẹ̀, kí apá kan rí oòrùn kí apá kejì ní ibòji, torí láìsí oòrùn egungun rẹ̀ á rọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi sínú àgò kan. Ẹ lè gbé omi sínú àwo síwájú rẹ̀ kó má mọ̀ pé omi ni. Orí ewé ló ti ń mu ìrì, ẹ wọ́n omi sí ewé fún un. Ìrẹ̀ àti tata ààyè ni oúnjẹ rẹ̀, kì í ṣe èyí tí a fi òògùn apakòkòrò pa. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé e, ẹ má fà á tu lórí ẹ̀ka, ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun ọwọ́ yín.

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, Chamaeleo gracilis àti Chamaeleo senegalensis wà. Ní 2007 ni àwọn onímọ̀ tún fún ẹ̀yà kan lórúkọ láti Togo àti Benin, Chamaeleo necasi. Gbogbo wọn ló wà nínú àtòkọ kejì àdéhùn CITES. Ẹni tó bá fẹ́ kó wọn ránṣẹ́ sí àwọn awo ní Brazil tàbí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ gbígbẹ, irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Akodésséwa ní Lomé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti abo. Orí igi ló ń gbé, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, nítorí náà nígbà tí oyún wà nínú rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀, ìgbà yẹn gan-an lọwọ́ sì ń tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà oko. Ẹyin inú rẹ̀ lè ju ogún lọ. Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀gà tí ikùn rẹ̀ wú gbùngbùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó ń fi ọwọ́ iwájú walẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó walẹ̀ tán. Bó bá sì jẹ́ pé ọlọ́jà ló gbé irú rẹ̀ wá fún yín, ẹ bi í léèrè ibi tó ti mú un, kẹ́ ẹ dá a padà sí ìdí igi ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.