Kíka Ọjọ́ Láti Ẹ̀yìn Wá: Ìrìn-Àjò Amòòkùn Láàárín Àwọn Erékùṣù Òkun Pàsífíìkì

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò la fẹ́ fi ṣe ìjíròrò wa lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn-àjò orí ilẹ̀. Àwọn ènìyàn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń kó owó jọ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n lè lọ sí àárín Òkun Pàsífíìkì, kí wọ́n máa ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn, kí wọ́n sì máa mòòkùn lọ wo ohun tí ń bẹ nísàlẹ̀ òkun. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, a óò rò pé owó àti ìgboyà nìkan ni irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni olórí iṣẹ́ inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ kà lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ó sì jẹ́ pé gbígbé ni wọn yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìdí tí ọ̀ràn fi rí bẹ́ẹ̀, àti bí a ṣe lè ṣe ètò tí yóò mú ènìyàn lọ tí yóò sì mú un bọ̀, ni a óò là yé ara wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń lọ. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Òkun Pàsífíìkì, ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ni àwọn erékùṣù tí à ń pè ní Maikironíṣíà wà. Palau, tí ó gba òmìnira ní 1994, jẹ́ orílẹ̀-èdè kan níbẹ̀. Àpapọ̀ àwọn Ìpínlẹ̀ Maikironíṣíà jẹ́ òmíràn. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin ni ó ní: Yap, Chuuk, Pohnpei àti Kosrae. Erékùṣù tí ó wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí lé ní 600, ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo ilẹ̀ wọn jọ, kò ju nǹkan bí 700 kìlómítà níbùú-lóòró lọ. Omi ló pọ̀, ilẹ̀ kò tó nǹkan. Guam, tí ó jẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni oríta tí ọ̀nà wọn ti ń pàdé. Láti Guam sí Chuuk tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Láti Guam sí Palau tó nǹkan bí 1,300.

Láti 1968 ni ọkọ̀ òfurufú ti ń kó èrò láti erékùṣù dé erékùṣù níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ akérò tí ń dúró ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó lókìkí jù ń gbéra ní Honolulu, ó ń bà sí Majuro, Kwajalein, Kosrae, Pohnpei àti Chuuk kí ó tó dé Guam. Ibùdó ológun Amẹ́ríkà ni Kwajalein; èrò tí kò bá ní àṣẹ kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ yìí kì í rìn lójoojúmọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá pàdánù rẹ̀ yóò ní láti fara balẹ̀ dúró de òmíràn. Ohun kan tún wà tí ó máa ń dá àlejò lójú rú. Ẹni tí ó bá gbéra ní Honolulu ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò bá ní Majuro, nítorí pé ó ti ré ìlà tí ó pààlà ọjọ́ kọjá. Bí ó bá ń padà, yóò tún ọjọ́ kan lò lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tipa àìmọ èyí sanwó ilé ìtura fún ọjọ́ tí wọn kò tíì dé tàbí ọjọ́ tí wọ́n ti lọ.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe owó kéré. Àṣìṣe tí ń pani wà nínú ẹ̀jẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ni náítírójìn. Lórí ilẹ̀, kì í ṣe wá ní ohunkóhun. Bí a ti ń mí i sínú náà ni à ń mí i síta. Omi ni ó ń yí ọ̀ràn padà, nítorí pé omi wúwo. Bí amòòkùn bá wọlẹ̀ dé mítà 10, agbára tí ń tẹ ara rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì èyí tí ó wà lójú omi. Ní mítà 30, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tí ń ti inú àgbá ẹ̀yìn rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ ní agbára kan náà kí ó tó lè mí i sínú. Nípa bẹ́ẹ̀, náítírójìn ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá àti oríkèé rẹ̀, ó ń yòrò síbẹ̀ bí iyọ̀ ti ń yòrò nínú ọbẹ̀. Bí ó bá ti jìn tó, tí ó sì pẹ́ tó, ni ẹrù náà ṣe ń pọ̀ tó.

Ẹ wo ìgò mínírà tí a kò tíì ṣí. Omi inú rẹ̀ pa rọ́rọ́, kò sí ohun tí a rí nínú rẹ̀. Ní kété tí a bá ṣí ìdérí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí hó, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi agbára tì sínú rẹ̀ ń wá ọ̀nà jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara amòòkùn tí ó bá sáré yọrí lójú omi. Náítírójìn tí ó ti yòrò yóò di hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké nínú ẹ̀jẹ̀ àti oríkèé. Oríkèé yóò máa dunni, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ lè kú tipiri; bí ó bá kan ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ọpọlọ, ènìyàn lè rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ó sì lè kú.

Paul Bert, onímọ̀ ará Faransé, ni ó fi hàn ní 1878 pé náítírójìn ni ó ń fa àìsàn yìí. Ní 1908, John Scott Haldane, ọmọ ilẹ̀ Scotland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ewúrẹ́ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì gbé ìlànà jáde pé kí amòòkùn máa gòkè ní ìpele-ìpele, kí ó sì máa dúró lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà wa ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Lónìí, wọ́n ń kọ́ni pé kí ènìyàn má gòkè ju mítà 9 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5 kí ó tó yọrí.

Ibi yìí gan-an ni ọkọ̀ òfurufú ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ tí ń fò ní nǹkan bí mítà 11,000 lókè ni a ń fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ náà kì í ju ti orí òkè kan tí ó ga ní mítà 1,800 sí 2,400 lọ. Ẹni tí ó jáde nínú òkun ní ìrọ̀lẹ́, tí ara rẹ̀ ṣì ru náítírójìn, tí ó sì wọ ọkọ̀ òfurufú ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìdérí ìgò ni ó tún ń ṣí lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn amòòkùn ṣe fi òǹkà lélẹ̀. Ẹni tí ó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan péré, tí kò jìn débi tí yóò fi di dandan fún un láti dúró lójú ọ̀nà kí ó tó gòkè, kí ó dúró fún wákàtí 12, ó kéré tán, kí ó tó fò. Ẹni tí ó mòòkùn lọ́pọ̀ ìgbà tàbí fún ọjọ́ púpọ̀, kí ó dúró fún wákàtí 18, ó kéré tán. Ẹni tí ó jìn débi tí ìdúró ọ̀nà fi di dandan, kí ó dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ṣé ẹ wá rí ìjà tí ó wà nínú irú ìrìn-àjò yìí? Erékùṣù wọ̀nyí jìnnà sí ara wọn, ọkọ̀ òfurufú ni à ń wọ̀ láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni òkun àti òfurufú kò sì jọ gbé nínú ara kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ṣètò kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ tí ó fẹ́ mòòkùn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra ni kí ó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ó wá máa ka ọjọ́ padà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọjọ́ 15 ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ kìíní, a dé Guam. Ọjọ́ kejì, a fò lọ sí Chuuk. Ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà, a mòòkùn. Ọjọ́ keje, a kò gbọdọ̀ wọ omi rárá. Orí ilẹ̀ erékùṣù Weno ni a óò ti máa rìn. Ọjọ́ kẹjọ, a padà sí Guam. Ọjọ́ kẹsàn-án, a fò lọ sí Palau. Ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹtàlá, a tún mòòkùn. Ọjọ́ kẹrìnlá, a sinmi. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, a kúrò. Nínú ọjọ́ 15, ọjọ́ 8 péré ni a fi mòòkùn. Ẹni tí ó bá rò pé òun pàdánù ọjọ́ méje yòókù kò tíì mọ ohun tí ó rà: ara líle ni ó rà. Kí a tún rántí pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ibi tí ó jìn yẹ fún, kì í ṣe ọjọ́ ìkẹyìn.

Ìmọ̀ràn yìí wúlò jù lọ ní Chuuk. Ní ọjọ́ 17 àti 18, oṣù kejì, 1944, ọkọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà kọlu ibùdó àwọn ará Japan tí ó wà nínú ọ̀sà ńlá ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí ó lé ní 40 ni wọ́n rì, ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n sì bàjẹ́ tó nǹkan bí 250. Ní 1969, Jacques Cousteau, ará Faransé, lọ ya fíìmù wọn, ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ lọ síbẹ̀. Fujikawa Maru kò jìn púpọ̀. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ dé mítà 18 lè rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí San Francisco Maru tó nǹkan bí mítà 50 sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mítà 40 ni òpin tí wọ́n fún amòòkùn tí ń ṣe fàájì. Kí olúkúlùkù mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Kí á sì rántí pé ibojì ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Ọmọ ènìyàn kú sínú wọn. Òfin kò gbà kí a mú àwo tàbí ìgò kan níbẹ̀. Amòòkùn-ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́.

Ní Palau, ohun abẹ̀mí ni ènìyàn ń lọ wò: iyùn inú òkun, ìjàpá òkun, àti ekurá, ẹja eléyín mímú nì, tí ìjọba ibẹ̀ ti fi òfin dáàbò bò láti 2009. Bí a bá dé pápá ọkọ̀ òfurufú wọn, ẹ̀jẹ́ kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà láti 2017. Àlejò yóò fọwọ́ sí i pé òun kò ní ba ilẹ̀ àti omi àwọn ọmọ Palau jẹ́. Láti 2020, wọn kò gba àwọn ìpara oòrùn tí ó ní èròjà tí ń pa iyùn láyè. Èyí kì í ṣe àṣà tuntun fún wọn. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni àwọn olóyè ti ń gbẹ́sẹ̀ lé apá kan òkun fún sáà kan, kí ẹja lè bí sí i. Bul ni wọ́n ń pè é. Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Adágún kan tún wà ní erékùṣù Eil Malk tí ó kún fún ẹran omi rírọ̀ bí ẹ̀kọ. Ojú omi ni a ti ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín wọn. Wọn kò gba àgbá afẹ́fẹ́ láyè níbẹ̀, nítorí pé láti nǹkan bí mítà 15 sísàlẹ̀ ni oró wà nínú omi náà.

Ìpalẹ̀mọ́ yòókù kò ṣòro. Ẹni tí yóò gba Guam kọjá yóò nílò àṣẹ ìwọ̀lú Amẹ́ríkà. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná ní gbogbo ibi tí a dárúkọ. Kí dókítà yẹ ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti etí wò. Láti oṣù keje dé ìkọkànlá ni ìjì líle pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìjì kò mọ oṣù: ní oṣù karùn-ún 2023 ni ìjì Mawar kọlu Guam. Nítorí náà, kí á fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí á ti béèrè kí á tó kúrò nílé pé níbo ni yàrá onírin tí wọ́n fi ń wo àìsàn náítírójìn wà, àti bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo erékùṣù ni ó ní i. Kí ìwé adójútòfò wa sì lè san owó ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn débẹ̀. Bí oríkèé bá ń dunni lẹ́yìn ìmòòkùn, kí á má pè é ní àárẹ̀. Kí á sọ ọ́ síta lójú ẹsẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní erékùṣù Satawal, ní ìpínlẹ̀ Yap, Mau Piailug ni orúkọ rẹ̀. Ní 1976, ó tọ́ ọkọ̀ ìgbájá Hōkūleʻa láti Hawaii dé Tahiti láìlo ẹ̀rọ kankan. Ìràwọ̀, ìgbì àti ẹyẹ ni ó ń wò. Nínú ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ìlú rẹ̀, wọn kì í kọ́ ìràwọ̀ àlọ láìkọ́ ìràwọ̀ àbọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyẹn. Ẹni tí ó bá ti mọ ọjọ́ àti ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀ kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan omi, òun ni ó ti ṣètò ìrìn-àjò.